Èéfín Ló Ń Kun Ìkòkò

Ọmọkùnrin tó máa ń bá mi di èérún pákó sápò ní sómìlì tó wà lọ́nà Ọ̀bà-Ilé ti mọ ìwà mi báyìí. Ẹlòmíì tó bá wá síbẹ̀, tìtorí adìyẹ ni. Wọ́n fẹ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ilé adìyẹ, àpò tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí ni wọ́n ń gbé. Èmi ni yóò rí tí máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí máa bu ẹ̀kúnwọ́ kan, tí máa fi ìka ra á wò. Mo fẹ́ èyí tó kúnná bí èlùbọ́ lọ́tọ̀, mo fẹ́ èyí tó rí wálawàla bíi gàrí tí wọn kò tíì jọ̀ lọ́tọ̀. "Àǹtí, èérún kan náà ni gbogbo ẹ̀ o," ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ní kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo ní èyí tó kúnná ni yóò fún mi ní dúdú, èyí tó rí wálawàla ni yóò jẹ́ kí pupa jáde. Ó wò mí, ó wo àpò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú. Láti ọjọ́ náà, ó ti máa ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ kí n tó dé.

Ìkòkò ni mò ń mọ, inú kòtò ni mo sì ti ń sun wọ́n, lẹ́yìn ilé màmá mi níbí ní Àkúrẹ́. N kì í fi gíléèsì, omi èròjà tó ń yọ́ nínú iná tó ń dán bíi gíláàsì, pa wọ́n, n kì í fi ọ̀dà kùn wọ́n. Gbogbo àwọ̀ tí ẹ bá rí lára wọn, láti orí dúdú kirikiri dé orí àwọ̀ osùn, dé orí pupa rẹ́súrẹ́sú bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tuntun, inú kòtò ni wọ́n ti gbé e jáde. Àwọn tó ń rà á sábà máa ń sọ pé oríire ni, pé iná ló ṣe bó ṣe wù ú. Ọ̀rọ̀ rere ni wọ́n fi í ṣe, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí. Iná kì í ṣe bó ṣe wù ú. Ohun tí mo kó yí ìkòkò ká, ibi tí mo jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbà wọlé, ìgbà tí mo pa ojú kòtò dé: àwọn ni wọ́n ń kùn ún. Ó gbà mí tó ọdún mẹ́rin kí ọ̀rọ̀ yìí tó dá mi lójú, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ọ́.

Ní ilé ìwé tí mo ti kọ́ṣẹ́, kílìnì oníná mànàmáná, ààrò tí wọ́n fi ń sun ìkòkò, la lò. A ó to ìkòkò sínú rẹ̀, a ó tẹ bọ́tìnnì, ìgbóná á máa gùn ún lọ sókè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, gíléèsì tí a bá fi kun ìkòkò la óò bá lára rẹ̀. Nígbà tí mo jáde, n kò lówó kílìnì, iná kò sì dúró ládùúgbò wa. Ohun tí mo ní ni àyè kan lẹ́yìn ilé, ṣọ́bìrì kan, àti àmù ìyá màmá mi.

Igun yàrá ìdáná ni àmù yẹn wà látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Pupa ni, ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kan, dúdú kan wà tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Etí dúdú náà kò gé bí ohun tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé. Ńṣe ló ń ṣá lọ díẹ̀díẹ̀ di àwọ̀ obì kó tó wọnú pupa. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ẹnì kan ló gbé e ka iná tó jẹ́ kó jóná. Màmá Àgbà ní rárá o, bó ṣe ti ọwọ́ àwọn tó mọ ọ́n wá nìyẹn, ibi tí igi ti fara kàn án ni.

Kòtò tí mo kọ́kọ́ gbẹ́ jìn dé orúnkún mi. Oṣù kìn-ín-ní ni, ọyẹ́ ń fẹ́, gbogbo nǹkan gbẹ táútáú. Mo to ìkòkò méje sínú rẹ̀, mo kó igi gbígbẹ lé wọn lórí, mo ṣáná sí i. Iná náà ròkè títí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́bàá ògiri fi rọ. Inú mi dùn. Mo rò pé bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni àwọ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wa eérú kúrò, mo gbé wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn rí bí ẹsẹ̀ ọmọ tó jáde nínú ọyẹ́ láìfi òróró para. Kò sí dúdú, kò sí àwọ̀ obì, pupa tó wà lára wọn dà bíi ti aṣọ tí oòrùn ti jẹ.

Màmá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n wò wọ́n. "Igi tó gbẹ dáadáa lo lò," ni wọ́n wí. "Ìwọ tí o ti fi igi dáná rí, ṣé igi gbígbẹ ló máa ń sọ ìdí ìkòkò di dúdú ni?" Wọ́n padà wọlé lọ síbi ẹ̀wà wọn tó wà lórí iná.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Gbogbo ẹni tó bá ti fi igi dáná rí ló mọ nǹkan tí wọ́n sọ yìí. Igi tútù ló ń rú èéfín, èéfín ló ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Iná tó bá ń rí afẹ́fẹ́ mí dáadáa á jẹ èéfín ara rẹ̀ tán. Dúdú tí à ń rí lára ìkòkò tí wọ́n sun ní kòtò, kábọ́ọ̀nù ni, èédú tó kúnná débi pé ojú kò lè rí ẹyọ rẹ̀, tó wọ inú ihò tíntìntín ara amọ̀ lọ jókòó. Bó bá jókòó tán tí ìkòkò sì ṣì gbóná yòò, tí afẹ́fẹ́ bá tún kàn án, èédú náà á jó, á sì lọ. Ìyẹn ni pé dúdú tí èéfín fi síbẹ̀ lálẹ́, iná fúnra rẹ̀ lè nù ún kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́. Pupa tó wà lábẹ́ ní tirẹ̀, irin inú amọ̀ ló ni ín. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti tó o, pupa ló ń dà. Nítorí náà, dúdú àti pupa ara àmù Màmá Àgbà, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń sọ. Ibi tí igi fara tì, afẹ́fẹ́ kò dé ibẹ̀. Ibi tó ṣí sílẹ̀, ó dé ibẹ̀.

Nígbà kejì, mo fi páànù bo ojú kòtò bí ọwọ́ iná ṣe ń rọlẹ̀, mo fi yẹ̀pẹ̀ dí gbogbo etí rẹ̀. Títí dé ibẹ̀, mo ṣe é dáadáa. Sùúrù ni n kò ní. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, mo ká páànù kúrò. Ìkòkò tó wà lókè dúdú kirikiri, ó ń dán, mo sì pariwo pe màmá mi. Kí wọ́n tó jáde, mo gbọ́ "kau!" Èyí tó tóbi jù ti là láti ẹnu dé ìdí. Ohun tó tún bà mí lọ́kàn jẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni èyí tó kù. Mo ń wò ó ni dúdú rẹ̀ ń lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ètè, ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀, bí ìrì ṣe ń kúrò lórí páànù bí oòrùn bá ti yọ, títí tó fi di àwọ̀ eérú lójú mi. N kò lè dá a dúró. Páànù tí mo ká kúrò ti gbóná jù fún mi láti gbé padà.

Mo ti mọ ohun tó fà á báyìí. Yanrìn tíntìntín kan wà nínú amọ̀ tí wọ́n ń pè ní quartz. Tí ìgbóná bá dé 573°C, ó máa ń fẹ̀ lójijì. Tó bá ń tutù bọ̀ tó tún dé ibẹ̀, á sún kì lójijì. Ìkòkò tí afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ bá bá lórí òṣùwọ̀n yẹn, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ á ti sún kì kí ẹ̀gbẹ́ kejì tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá dé e lálẹ́, ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí yẹ̀pẹ̀ tó bò ó. Tí n kò bá lè fi síbẹ̀ kí n ka ogún, n kò ní ṣí i.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo wọ mọ́tò lọ sí Erúsú-Àkókó, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó bá iṣẹ́ ìkòkò lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn. Wọn kì í gbẹ́ kòtò. Orí ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n ń to ìkòkò sí, wọ́n á kó igi àti koríko bò ó mọ́lẹ̀. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí wọ́n tó ṣáná, wọ́n bu eérú díẹ̀, wọ́n dà á sílẹ̀ láti òkè èjìká, wọ́n wo ibi tó gbà lọ, wọ́n sì ní kí wọ́n yí ìkòkò ńlá méjì padà. Nígbà tí iná ti jò dáadáa, wọ́n fi ọ̀pá gígùn ti igi kan sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kan. Mo bi wọ́n pé kí ló dé, mà. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí atẹ́gùn ti jẹ tirẹ̀. Èyí náà gbọ́dọ̀ jẹ." Nígbà tí iná rọ̀, dúdú tó wà lára ìkòkò yẹn wà níbi tí ọ̀pá náà ti igi sí gan-an. Mo rí i. Ẹni tó bá rí i kò tún ní pè é ní oríire.

Ọ̀wọ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Níbẹ̀, ní Igbó'Lájà, lọ́dún 1971, ni Ekpo Eyo, onímọ̀ ìwalẹ̀ nípa ohun àtijọ́, ti wa àwọn ère amọ̀ jáde, èyí tí wọ́n kà sí ti nǹkan bí ọ̀rúndún 15. Mo máa ń ro àwọn tó sun àwọn ère yẹn. Ojú, ètè, etí, gbogbo rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì la iná kọjá. Ẹ yọ owó ogún náírà kan, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: Ladi Kwali ni obìnrin tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò. Kó tó dé ibùdó ìkòkò tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Àbújá, èyí tí à ń pè ní Sùlèjà báyìí, níbi tó ti kọ́ gíléèsì àti kílìnì, iná gbalasa ló fi ń sun ìkòkò rẹ̀ bíi ti àwọn obìnrin ìlú rẹ̀. Ní Ìlọrin, àwọn amọ̀kòkò a máa sè èèpo èso igi irúgbá, èyí tí wóró irú ń wà nínú rẹ̀, wọ́n á fi omi rẹ̀ pa ìkòkò lára bó bá ṣe ń ti inú iná bọ̀, kí ara rẹ̀ lè dì, kó sì ṣókùnkùn. Ọgbọ́n àwọ̀ ti wà nílẹ̀ yìí kí a tó mọ ohun tó ń jẹ́ gíléèsì.

Iṣẹ́ àwọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ìkòkò tó dénú kòtò. Ara tó bá rí pálapàla, èéfín á kàn dọ̀tí mọ́ ọn ni. Ara tó bá dán ni èéfín máa ń sùn lé. Bí ìkòkò bá ti gbẹ díẹ̀, tó le ṣùgbọ́n tí èékánná ṣì ń wọ̀ ọ́, mo máa ń gbé e lé itan, màá mú ọta kan tí mo ṣà létí odò Àlá, tó tóbi tó ẹyin àparò, màá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra á lára. Kíkéré ni ọwọ́ ń yípo. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ máa gbọ́ "ṣárá ṣárá", torí yanrìn ṣì yọ orí. Tó bá pẹ́, ohùn náà á rẹlẹ̀, á di "ṣíì", ọta á sì máa yọ̀ bí ẹni ń rìn lórí ọṣẹ. Nígbà yẹn, tí ẹ bá gbé e sójú fèrèsé, ẹ máa rí àwòrán férémù fèrèsé lára amọ̀ tí kò tíì jóná. Ìkòkò kan tó tó orí ènìyàn lè gbà mí ní ọ̀sán kan. N kì í kánjú sí i. Ibi tí mo bá fò, iná á fi hàn.

Lórí ìkòkò mìíràn, omi amọ̀ kíkúnná ni mo máa ń fi pa á, èyí tí àwọn amọ̀kòkò òkè òkun ń pè ní terra sigillata. Màá rẹ amọ̀ pupa sínú omi púpọ̀, màá fi sodium silicate, kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ kí amọ̀ tú ká nínú omi, sí i, giramu 5 sí kílò amọ̀ gbígbẹ kan. Àwọn tó ń ta èròjà ọṣẹ lọ́jà ní i. Ó máa sùn dọjọ́ kejì láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Omi lásán á wà lókè, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á wà nísàlẹ̀, èyí tó wà láàárín, tó ń ṣàn bíi wàrà, ni mo ń fi rọ́bà fà jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa á, lẹ́yìn náà ni màá fi náílọ́ọ̀nù píọ́ wọ́tà ra á. Náílọ́ọ̀nù yẹn dára ju gbogbo aṣọ tí mo ti lò lọ.

Kó tó wọ kòtò, mo máa ń gbé e lọ fún sísun àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tó ní kílìnì gáàsì. 900°C ti tó. Tó bá ga kọjá 1000°C, dídán yẹn á kú, ihò ara amọ̀ á sì dí, èéfín kò ní rí ibi wọ̀. Mo mọ àwọn tó ń sun ún tààrà nínú kòtò láìsí sísun àkọ́kọ́ yìí, bíi ti àwọn ìyá wa. Ọwọ́ wọn dá wọn lójú, amọ̀ wọn sì ní yanrìn tó pọ̀. Tèmi tín-ín-rín, kò lè fara dà á.

Títí dé ìgbà yẹn, dúdú àti pupa nìkan ni mo ní, àti àwọ̀ obì láàárín wọn. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ni àwọ̀ yòókù ti wá.

Bàbá Ìdànrè là ń pè wọ́n, nítorí ibẹ̀ ni oko kòkó wọn wà. Lásìkò òjò, àrùn kan máa ń mú èso kòkó, á sọ ọ́ di dúdú, á sì jẹrà lórí igi. Copper sulphate, oògùn búlúù tó rí bí iyọ̀ wóróko, ni wọ́n máa ń pò mọ́ ẹfun (lime) kí wọ́n tó fín in sára igi. Àdàlù kan náà ni wọ́n ti ń fín sára àjàrà ní Faransé láti nǹkan bí 1885, ibẹ̀ ló sì ti gba orúkọ, Bordeaux. Mo bá wọn ṣe kòkó lọ́dún kan, mo sì rí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáláọ́nù tí wọ́n fi ń po oògùn. Oògùn ti ń ta sí i lára fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ti lo búlọ́ọ̀kù náà ṣe ààrò ìdáná rí, apá tó kọjú sí iná ti yí padà: ibì kan dúdú, ibì kan àwọ̀ ewé, ní ìlà tóóró kan láàárín, pupa bí osùn.

Mo jókòó ti búlọ́ọ̀kù yẹn bí ẹni rí owó he. Bàbà ni, bàbà tó wà nínú oògùn. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ fún mi níwọ̀nba nínú oògùn búlúù yẹn. Wọ́n ní, "Oògùn kòkó, nínú ìkòkò?" Mo ṣàlàyé títí. Wọ́n wọn ún fún mi, agolo mílíìkì kan, wọ́n sì kìlọ̀ kí n má gbé e sítòsí oúnjẹ.

Bí mo ṣe ń lò ó rèé. Màá pò ó mọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ lásán, màá da méjèèjì pọ̀ mọ́ èérún pákó tó rí wálawàla, màá wọ́n ọn yí ìsàlẹ̀ ìkòkò ká, kì í ṣe òkè. Iyọ̀ a máa yọ́ ní 801°C. Bí inú kòtò bá ti gbóná yòò, nǹkan tó wà nínú iyọ̀ á mú bàbà, á sọ ọ́ di ohun tó lè fò bí èéfín, òun ni yóò wá bà sára ìkòkò. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò tó, bàbà náà á di pupa, àwọ̀ osùn, nígbà mìíràn àwọ̀ àlùkò. Níbi tí afẹ́fẹ́ pọ̀, á di àwọ̀ ewé tàbí kó dúdú. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ náà ni. Tó bá jẹ́ pé èérún tó kúnná ni mo kó yí i ká, tó dì pọ̀, kò ní gbóná tó kí bàbà fò. Dúdú ni gbogbo rẹ̀ yóò dà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní sómìlì.

Iyọ̀ nìkan, láìsí bàbà, a máa mú àwọ̀ ọsàn àti àwọ̀ ìyeyè wá. Irin náà ní tirẹ̀. Mo máa ń tú aírọ́ọ̀nù sípọ́ńjì tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò, màá wé e mọ́ ara ìkòkò tinrín tinrín. Ìlà tó bá fi sílẹ̀ á rí bí ìdógùn-ún, á ní tóótòòtó kéékèèké. Wáyà bàbà tí àwọn oníná bá jù nù, tí a bá ti bó rọ́bà ara rẹ̀ kúrò, a máa kọ ìlà dúdú tí pupa yí etí rẹ̀ ká. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti dín in kù. Ó ti fẹ́ máa jọ ohun tí wọ́n kọ sára ìkòkò, tèmi sì ni pé kó jọ ohun tó ti inú rẹ̀ jáde.

Èyí tó wù mí jù ni èèpo kòkó. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ́ kòkó tán ní oko Bàbá Ìdànrè, òkìtì èèpo máa wà nílẹ̀ tó ga ju ènìyàn lọ. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú mọ iyì rẹ̀, eérú rẹ̀ ni wọ́n ń lò, torí potassium tó wà nínú rẹ̀ pọ̀. Mo máa ń sá a gbẹ, màá fi ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀ kọdọrọ yẹn gbé ìkòkò mọ́ra bí ìgbà tí ọwọ́ bá di nǹkan mú. Bó bá jó, àárín ibi tó ti fara kàn án á dúdú, eérú rẹ̀ á mú etí dúdú náà di àwọ̀ ọsàn. Ìkòkò kan wà lọ́dọ̀ mi tí mo lè fi ìka tọ ìlà orí èèpo náà lára rẹ̀, pàlàpálá rẹ̀ ṣì hàn, gbogbo ẹni tó bá ti dé oko kòkó rí ló ń dá a mọ̀ kí n tó sọ̀rọ̀.

Kòtò mi dé itan báyìí. Èérún tó kúnná ni mo ń kọ́kọ́ tẹ́ sísàlẹ̀, ó nípọn tó ìka mẹ́rin, lórí rẹ̀ ni ìkòkò ń jókòó, ìdí ìkòkò ni yóò sì dúdú. Èyí tó rí wálawàla, pẹ̀lú iyọ̀ àti bàbà, á yí i ká dé àárín. Èèpo kòkó, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ àti ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ ń lọ sáàárín ìkòkò sí ìkòkò. Igi ló wà lókè, tín-ín-rín kí ńlá tó tẹ̀ lé e, kí iná má baà já lu ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà. Láti òkè ni mo ti ń ṣáná, kó lè máa jó wálẹ̀ bọ̀. Wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ni ọwọ́ iná fi ń jó. Ìgbà tí mo máa dé e ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Tí mo bá tètè dé e jù, bàbà kò tíì fò, dúdú ló máa bo gbogbo ẹ̀. Tí mo bá pẹ́ jù, ọwọ́ iná ti jẹ dúdú tán, a ti padà sí ẹsẹ̀ ọmọ inú ọyẹ́. Nígbà tí igi òkè bá ti di ẹ̀yinná, tí n kò sì tún rí ọwọ́ iná tó ga ju ojúgun mi lọ, páànù á wọlé, yẹ̀pẹ̀ á bò ó.

N kì í ṣe é láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹwàá. Ilẹ̀ á ti mu omi, oru omi á máa jẹ ìgbóná, ìkòkò á jáde ní àwọ̀ eérú rádaràda. Oṣù kọkànlá ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ padà, ìgbà tí èèpo kòkó sì pọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ èyí. Copper sulphate májèlé ni. Èéfín tó ń jáde tí iyọ̀ àti bàbà bá pàdé nínú iná ń jẹ ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró. Ìbòmú aláṣọ kò dí i, èyí tó ní asẹ́ (filter) fún gáàsì ni kí ẹ wá. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, ẹ má dúró síbi tó ń lọ. Kí ọmọdé, ewúrẹ́ àti aṣọ tí wọ́n sá má sí nítòsí. Ìkòkò tó bá ti bá bàbà wọ kòtò, ọbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé inú rẹ̀ láéláé, omi mímu kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Mo máa ń kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀. Àmù Màmá Àgbà ń gba omi nítorí pé igi àti koríko nìkan ni wọ́n fi sun ún. Ihò ara rẹ̀ tí èéfín wọ̀ yẹn ni omi ń gbà làágùn jáde, ìlàágùn yẹn ló sì ń mú kí omi inú rẹ̀ tutù.

Bàbá Ìdànrè wá sílé nígbà ọdún Kérésìmesì tó kọjá. Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé ni mo ṣí kòtò, wọ́n sì wá dúró tì mí. Mo gbọn eérú kúrò lára ìkòkò tó wà láàárín, mo fi aṣọ tútù nù ún, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Láti ìdí dé àárín, dúdú ni. Látàárín sókè, àwọ̀ osùn kan gòkè bí èéfín ṣe ń gòkè, ó ń ṣá bó ṣe ń lọ, títí tó fi kú sínú pupa rẹ́súrẹ́sú lábẹ́ ọrùn. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra ojú ibi tó pupa jù, wọ́n wo àtàǹpàkò náà bóyá nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ọn.

"Búlúù ni nǹkan tí mo fún ọ," ni wọ́n wí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Wọ́n yí i padà, wọ́n tún yí i padà. Wọ́n bi mí pé ẹ̀gbẹ́ wo ni iwájú rẹ̀. Mo ní kò ní iwájú. Wọ́n gbé e lọ síbi tí oòrùn wà, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n gbé e lé orúnkún, wọ́n sì ń fi ìka tọ ibi tí dúdú ti ń di pupa, wọ́n ń wá ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, títí màmá mi fi pè wá pé oúnjẹ ti délẹ̀.